Ẹ Kú Oríire Ilé Tuntun, Ẹ Má Fọwọ́ Kan Géètì

Ìbà ẹ̀yin àgbà Yewa. Ìbà ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ni òru, tí ẹ fún ẹlẹ́fẹ̀ láyè kó máa wí ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ wí lọ́sàn-án. Bó ti wà láti ọjọ́ pípẹ́ nílẹ̀ Yewa àti nílẹ̀ Kétu nìyẹn: lálẹ́ ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹlẹ́fẹ̀ a bọ́ sí agbo, a fi ìwà olè kọrin, a fi ìwà ahun kọrin, ẹni tí wọ́n ń bá wí a sì dúró láàárín èrò, a máa rẹ́rìn-ín kí wọ́n má baà mọ̀ pé òun ni. UNESCO pàápàá ti gbé oyè lé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lórí láti 2001. Nítorí náà, ẹni tí mo bá fi gáréèjì rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ lónìí, kó má lọ pe lọ́yà. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìlaró ni, ó kọ́lé tuntun sí ọ̀nà Pahayi, kìnnìún méjì tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ ló jókòó sórí òpó géètì rẹ̀. Ẹ má wò mí lójú; kìnnìún pọ̀ ní Pahayi.

Ẹ̀gbọ́n Láńlọ́ọ̀dù, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ẹ kú oríire, ilé á tura. A wá síbi ìwọlé, a jẹ, a mu, a sì di ti ilé sínú náílọ́ọ̀nù dúdú. A rí táìsì tó ń dán débi pé ìyá àgbà kan bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun kò lè fẹsẹ̀ tẹ dígí. A rí òpó mẹ́rin iwájú ilé tí wọn kò gbé nǹkan kan dúró, tí wọ́n kàn dúró kí aráyé lè mọ̀ pé owó wà. A rí òrùlé pálọ̀ tó ń tan iná búlúù, tó tún ń tan pupa, tí kò jẹ́ kí a mọ ẹran tó wà nínú àwo wa. Kò sì sí ohun tí ẹ kò yẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó rẹ̀. Nígbà tí ẹ fẹ́ ra ilẹ̀, ẹ pe olórí ẹbí, ẹ pe sọ̀féyọ̀, ẹ pe lọ́yà, ẹ tún pe bàbá kan tí ẹ ní ká má sọ. Nígbà tí búlọ́ọ̀kù dé, ẹ̀yin fúnra yín ń gbé e sókè, ẹ ń jù ú sílẹ̀, kí ẹ lè rí i bóyá yóò fọ́. Nígbà tó kan ṣáláńgá ìgbàlódé, inú ṣọ́ọ̀bù gan-an lẹ ti jókòó lé e lórí níwájú àwọn oníbàárà, ẹ fẹ̀yìn tì, ẹ di ojú. Wáyà gáréèjì nìkan ni ẹ kò yẹ̀ wò. Ẹ ní, "Gáréèjì kẹ̀? Ta ló ń gbé ibẹ̀?"

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ka àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Fírísà tí ìyàwó yín fi ń ta ẹja àti omi dídì ń gbé ibẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń gbé ibẹ̀. Súìṣì ẹ̀rọ tó ń fa omi bọhóòlù ń gbé ibẹ̀. Bátìrì ínfátà ń gbé ibẹ̀. Ọmọ adìyẹ òòjọ́ kún inú páálí níbẹ̀, gílóòbù 200 wáàtì ló ń mú ara wọn gbóná tọ̀sán tòru. Àpò gaàrí tí wọ́n kó wá láti Ayétòrò ń gbé ibẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò ń gbé ibẹ̀. A ó padà bá ìyẹn. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò ráyè ní gáréèjì ni mọ́tò. Mọ́tò tí ẹ tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ ń sùn níta, ìrì ń sẹ̀ sí i lórí, ó ń wo òrùlé tí wọ́n kọ́ ní orúkọ rẹ̀. Nínú gbogbo ilé yín, gáréèjì ni iná ti ń ṣe iṣẹ́ àṣelàágùn jù lọ, ibẹ̀ náà lẹ sì fi wáyà tó tínrín jù lọ sí, àṣẹ́kù èyí tí wọ́n fi ṣe gílóòbù kọ́rídọ̀.

Ta ló fà á? Bọ̀ọ̀dá réwáyà, súnmọ́ iwájú, má fara pamọ́ sẹ́yìn onílù. Mo mọyì iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Bí mọ́tò bá kọ̀ tí kò sítáàtì, bí họ́ọ̀nù rẹ̀ bá ń ké fúnra rẹ̀ lóru tí gbogbo ajá àdúgbò ń dá a lóhùn, ọ̀dọ̀ rẹ la ń sá tọ̀. Ṣùgbọ́n bátìrì mọ́tò tí o fi kọ́ṣẹ́, fóòtì 12 ni. O lè fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú kí o máa kọ fújì. Iná inú ògiri, fóòtì 230 lọ sí 240 ni, kò gbọ́ fújì. Ìwọ náà mọ̀. Ìdí nìyẹn tí o fi wọ sílípáàsì rọ́bà wá lọ́jọ́ tí o ń ṣe é, tí o ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan wáyà wò, tí o ń ké "Bísímílà" àti "Ẹ̀jẹ̀ Jésù" pa pọ̀. Oníná tó mọṣẹ́ a máa pa iná kó tó fọwọ́ kan wáyà. Ìwọ fi ẹ̀sìn méjì dípò súìṣì.

Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣẹlẹ̀? Fẹ́dírà Pólì wà ní Ìlaró láti 1979. Wọ́n ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ iná níbẹ̀, láti orí ìwé títí dé orí wáyà. Méjì nínú àwọn ọmọ náà ló háyà bọ́ìsì-kọ́tà yín. Owó ilé wọn lẹ fi mọ kìnnìún kejì. Alẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n kẹ́rù dé, wọ́n wo ògiri tó pààlà pẹ̀lú gáréèjì, wọ́n wo ara wọn, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì lọ sí ògiri kejì. Wọn kò sọ fún yín, nítorí ẹ ti kìlọ̀ fún wọn pé tẹ́náǹtì kì í dá sí ọ̀rọ̀ ilé. Réwáyà lẹ pè, nítorí pé ó ní òun á gba owó díẹ̀ àti àmàlà, ó sì fọkàn yín balẹ̀: "Ọ̀gá, wáyà ni wáyà."

Ìran wa ti mọ iná yìí tipẹ́. Láti 1896 ni wọ́n ti ń tan án l'Ékòó. Néépà dé ní 1972, wọ́n sọ ọ́ di PHCN ní 2005, wọ́n tà á fún àwọn oníṣòwò ní 2013, àwa sì ń pè é ní Néépà títí di òní, nítorí orúkọ ló yí padà, òkùnkùn kò yí. Ọlọ́runṣògo, ilé-iṣẹ́ amúnáwá ńlá, wà nítòsí Papalanto, lójú ọ̀nà ibí gan-an. Iná rẹ̀ ń gba orí wa kọjá lọ bá àwọn tí a kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ẹ lè má mọ̀. Ní Marina l'Ékòó, iwájú olú ilé-iṣẹ́ iná, ère Ṣàngó ló dúró níbẹ̀, Ben Enwonwu ló ṣe é ní 1964. Àwọn tó ń ta ọjà náà mọ ohun tí wọ́n ń tà. Wọ́n gbé ọlọ́jà fúnra rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kí oníbàárà lè mọ ẹni tí òun ń gbà wọlé. Ẹ̀yin gba Ṣàngó wọlé, ẹ tẹ́ ẹ sílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò, ẹ sì fún un ní okùn tínínrín kan pé kó máa rọra rìn lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Gbogbo ọmọ Ìlaró ló gbọ́ ìtàn Òrónnà, akọni tó wọlẹ̀. Ẹ máa ń lọ síbi ọdún rẹ̀, ẹ máa ń wọ aṣọ ẹgbẹ́, ẹ máa ń jókòó níwájú. Ó yẹ kí ẹnì kan ti kọ́ wáyà yín ní ìtàn náà. Ẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pe wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò yẹn, ara ọ̀pá bàbà gígùn tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀ ló sì yẹ kó so mọ́. Bí iná bá ṣì ọ̀nà tó bọ́ sára irin fírísà, ẹ́ẹ̀tì ni yóò gbà á lọ sílẹ̀, bíréékà á já, ọ̀rọ̀ á parí. Bí kò bá sí ẹ́ẹ̀tì, iná á jókòó sára fírísà náà jẹ́ẹ́jẹ́, á máa retí ẹni tó bọ́ bàtà. Ní gáréèjì yín, Òrónnà nìkan ló wọlẹ̀. Ìṣó ni réwáyà kàn mọ́ ògiri, ó so wáyà aláwọ̀ ewé mọ́ ọn. Nígbà tí ìṣó kò sí mọ́, ó so èyí tó kù mọ́ irin wíńdò. Irin wíńdò kan irin géètì.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ géètì ti wá. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀, ẹni tó bá fọwọ́ kan géètì yín á fò sókè. Ẹ pe wòlíì. Wòlíì da òróró sí i, ó ní ẹ̀mí ìdílé bàbá yín ló ń bá géètì jà. Ẹ pe ààfáà. Ààfáà wọ́n omi sí i, omi sì mú kí ọ̀rọ̀ náà le sí i. Ààfáà ò tún padà wá gba bàtà rẹ̀. Ewúrẹ́ aládùúgbò tó wá fi ìhà ha géètì lọ́jọ́ òjò kò tíì padà sí àdúgbò di òní, a gbọ́ pé ó ń gbé ní Ajílété. Ìyàwó yín ní kí ẹ pe oníná. Ẹ ní obìnrin kò mọ ohun tó ń lọ nínú ẹ̀mí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀mí tó wà lára géètì yín, gbogbo oṣù lẹ ń sanwó rẹ̀ fún Néépà.

Fírísà ńkọ́? Fírísà yẹn ní ìtàn. Ọmọ Kútọnu ni. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ nídìí ọtí pé ó gba ọ̀nà Ìdí-Ìrókò wọlé nígbà tí ìjọba ti bọ́dà pa. August 2019 ni wọ́n tì í, ó di April 2022 kí wọ́n tó ṣí ti Ìdí-Ìrókò. N kò bèèrè bó ṣe kọjá. Ẹlẹ́fẹ̀ ni mí, n kì í ṣe kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹnu rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ gba àṣà Faransé: ẹnu ẹ̀rọ wọn rí róbótó, ẹsẹ̀ méjì ló ní. Àwa gba àṣà Gẹ̀ẹ́sì: ẹsẹ̀ mẹ́ta, onígun mẹ́rin. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlànà tiwọn jáde ní 1947, wọ́n sì fi ọgbọ́n ṣe é: ẹsẹ̀ òkè gùn ju àwọn méjì ìsàlẹ̀ lọ, òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn kékeré inú ihò kí àwọn tó kù tó wọlé, kí ọmọdé má baà ki ìka tàbí ìṣó bọ̀ ọ́. Ọgbọ́n yẹn ṣiṣẹ́ káàkiri ayé títí ó fi dé ilẹ̀ Yewa, níbi tí a ti ń ta báírò. Ẹ ki ìdérí báírò bọ ihò òkè, ilẹ̀kùn ṣí, ẹ ki ẹsẹ̀ róbótó méjèèjì wọlé, fírísà bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún ara yín.

Wàyí o, ẹ wo ohun tí báírò náà ṣe. Iná Kútọnu àti iná Ìlaró kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ìdí nìyẹn tí fírísà kò fi ráhùn. Ṣùgbọ́n nínú àṣà Faransé, ara sọ́kẹ́ẹ̀tì ni irin ẹ́ẹ̀tì ti ń yọ jáde wá bọ́ sínú ẹnu ẹ̀rọ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tiwa kò ní irin yẹn. Nítorí náà, ká tiẹ̀ ní ẹ́ẹ̀tì yín wọlẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Òrónnà, fírísà yín kò ní í mọ̀. Ẹnu ẹ̀rọ ti Gẹ̀ẹ́sì tún máa ń gbé fíúsì kékeré sínú, tó ń jóná kí wáyà má baà jóná. Ti Faransé kò gbé e. Ẹ ti fi báírò kan ṣoṣo pa ẹ́ẹ̀tì, ẹ pa fíúsì, ẹ sì pa ilẹ̀kùn ọmọdé. Òǹkọ̀wé wo ló fi báírò ṣe tó báyìí? Ẹ ra ẹnu ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí oníná gé ti àtijọ́ kúrò, kó so ó mọ́ wáyà fírísà pẹ̀lú ẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó owó àmàlà tí réwáyà jẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò, ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣi ìṣirò owó ilé. Láàárín àwọn oníná, wáyà 1.5 ni ti gílóòbù, 2.5 ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 ni ti ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná. Bí nọ́ńbà bá ti ń ga ni bàbà inú rẹ̀ ń nípọn. Wáyà 1.5 ló wọ gáréèjì yín, lórí rẹ̀ ni fírísà, ẹ̀rọ omi, páálí adìyẹ àti ínfátà ti ń jìjàdù. Wáyà gbóná. Ká sọ pé ẹ̀yin ni wọ́n dì mọ́ lẹ́yìn báyẹn, ẹ ò ní gbóná? Iṣẹ́ bíréékà ni kó já kí wáyà tó yọ́. Tiyín já. Ó já lọ́jọ́ Sátidé, ó já lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ẹ bínú sí i, ẹ ní kò jẹ́ kí ẹ wo bọ́ọ̀lù. Réwáyà yọ ọ́, ó fi ti 63 ámpíà rọ́pò rẹ̀, ẹ sì fún un ní owó lé owó, ẹ ní, "Ọmọ yìí mọṣẹ́!" Ẹ lé ọlọ́dẹ tó ń kígbe olè, ẹ gba adití. Bíréékà tuntun yẹn kò ní í já. Wáyà á yọ́, síìlì á gbaná, kìnnìún méjèèjì á fò sílẹ̀ lórí òpó, wọ́n á sá gba ọ̀nà Oríta, bíréékà á ṣì wà lójú ògiri tí yóò máa wo gbogbo rẹ̀.

Wáyà náà gan-an, ta ló tà á fún réwáyà? Ojúlówó wáyà pọ̀ nílẹ̀ yìí, àwọn ilé-iṣẹ́ wa ń ṣe é, òǹtẹ̀ àjọ SON sì máa ń wà lára rẹ̀. Ayédèrú náà ń bẹ tó fi bàbà kunra, tí inú rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù. Ẹ fi ọ̀bẹ ha gígé kékeré kan tí kò sí lára iná. Bí inú rẹ̀ bá funfun, wọ́n ti fi ojú tà yín, bí ẹ̀yin náà ṣe fi òpó mẹ́rin ta àwa.

Mo bẹ̀bẹ̀, wọ́n gbé àkàsọ̀ fún mi, mo yọjú sókè síìlì gáréèjì. Ẹ má bínú pé mo rẹ́rìn-ín. Ibi tí wáyà méjì ti pàdé, inú àpótí kékeré onídèérí tí wọ́n ń dè pinpin ló yẹ kí wọ́n ti so wọ́n. Bọ̀ọ̀dá réwáyà lọ́ wọn mọ́ra, téèpù tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi náílọ́ọ̀nù dúdú wé e. Náílọ́ọ̀nù ìwọlé ni! Òórùn ìrẹsì ṣì ń bẹ lára rẹ̀, àwọn eku sì ti gbọ́ òórùn náà, wọ́n ti jẹ náílọ́ọ̀nù tán, wọ́n ti ń tọ́ wáyà wò. Ní ti àwọ̀, aláwọ̀ ewé ló gbé iná níbì kan, pupa ló ń sinmi. Súìṣì gílóòbù, ẹ̀yìn iná ló wà dípò iwájú: ẹ pa gílóòbù, ó kú lójú yín, ṣùgbọ́n iná ṣì ń bẹ ní ẹnu rẹ̀, ó ń dúró de ẹni tó gun àga láti pààrọ̀ rẹ̀. Tẹ́sítà lásán lè fi èyí han oníná. Réwáyà ní tẹ́sítà. Ó fi ń ta eyín.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, ẹ jẹ́ kí ìlù dúró díẹ̀, n kò ṣe ẹ̀fẹ̀ níbí. Èéfín rẹ̀ ní ohun kan nínú tí ojú kò rí, tí imú kò gbọ́, tó ń gba ẹ̀mí ẹni lójú oorun. Ẹ̀ ń gbọ́ ọ nínú ìròyìn: ìdílé tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n sùn, ilẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni kò ṣí ilẹ̀kùn. Gáréèjì tó fẹ̀gbẹ́ kan yàrá kì í ṣe ilé jẹnẹrétọ̀. Ṣíṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ kò tó. Ìta gbangba ni kó lọ, jìnnà sí wíńdò, tiyín àti ti aládùúgbò.

Kí ìlù padà. Ẹ̀gbọ́n, wáyà kúkurú tí ẹ fi ń gbé iná jẹnẹrétọ̀ wọlé, tó ní ẹnu lórí, tó tún ní ẹnu nídìí, ta ló kọ́ yín? Ẹ ki orí kan bọ jẹnẹrétọ̀, ẹ ki èkejì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri, iná sì ń fi ẹ̀yìn rìn wọlé. Bí ẹ bá gbàgbé láti gé ti Néépà kúrò lọ́jọ́ kan, iná yín á jáde lọ sórí pọ́ọ̀lù, tiransifọ́mà á sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì, òṣìṣẹ́ tó gun pọ́ọ̀lù nítorí ó mọ̀ pé wọ́n ti mú iná lọ á sì bá a pàdé níbẹ̀. Ṣéńjìófà ni wọ́n ṣe kí àwọn méjèèjì má baà pàdé láéláé. Ẹ ní ó wọ́n. Kìnnìún kan ni iye rẹ̀.

Mo ní a ó padà bá kẹ́ẹ̀gì. Lóṣù November 2019, ìjọba ní kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo tó wà láàárín kìlómítà 20 sí bọ́dà mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti ń ba ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n kó kẹ́ẹ̀gì jọ ní ilé àtijọ́, nígbà tí wọ́n sì ń kó bọ̀ sí ilé tuntun, kẹ́ẹ̀gì ló ṣáájú bẹ́ẹ̀dì. Oòru bẹntiróò wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, kì í gòkè, ilẹ̀ ló ń rá mọ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì gáréèjì yín náà, ilẹ̀ ló wà, lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ ti ń fọ mọ́tò lọ́jọ́ Sátidé. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ òfin ilé kíkọ́ ní kí ohun tó lè ta iná nínú gáréèjì ga tó íńṣì 18 kúrò nílẹ̀. Tiyín kò ga tó kòkòsẹ̀ ọmọ adìyẹ.

Àwọn ará Amẹ́ríkà kan náà ló ti ní láti 1978 pé sọ́kẹ́ẹ̀tì gáréèjì gbọ́dọ̀ ní ohun kan tó ń ṣọ́ ọ. Irú rẹ̀ ni àwọn oníná wa ń pè ní ELCB. Ó ń ka iye iná tó jáde, ó ń ka èyí tó padà; bí nǹkan bí mìlíámpíà 30 bá sọnù lọ́nà, ó gbà pé ara ẹnì kan ló ń gbà kọjá, kó tó di pé onítọ̀hún ké, ó ti já. Gílóòbù 60 wáàtì ń jẹ nǹkan bí 250. Èyí ni pé ìdá kan nínú mẹ́jọ oúnjẹ gílóòbù, bó bá pẹ́ lára, lè dá ọkàn ẹ̀gbọ́n mi dúró, pẹ̀lú gbogbo ikùn àti oyè yín. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lójú rẹ̀ tí wọ́n kọ T sí. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá já, ó wà láàyè. Bí kò bá já, ẹ pe oníná. Ẹ wá a lójú ògiri yín, ẹ ò rí i. Kàlẹ́ńdà ìjọ ló wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ dìde, ká yẹ gáréèjì yìí wò. Ẹ wọ bàtà. Kì í ṣe èyí tó ti lu. Ohun tí ojú àti imú lè ṣe ni tẹ̀yin: ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì bóyá ó ti dúdú, ẹ gbọ́ bóyá ó ń ta ṣáṣá, ẹ fi imú wá òórùn rọ́bà tó ń jó, ẹ kíyè sí gílóòbù bóyá ó ń ṣẹ́jú nígbà tí fírísà bá gbéra. Ẹ má ṣí ohunkóhun. Ẹ má fi sikuruduráfà ran ara yín lọ́wọ́. Ìyókù, ẹ pe oníná tó ní ìwé, kì í sì í ṣe ẹni tó ṣe é lẹ́ẹ̀kíní, nítorí réwáyà kò ní í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fi náílọ́ọ̀nù ìrẹsì wé iná. Ìjọba àpapọ̀ ti gbé àjọ NEMSA kalẹ̀ pẹ̀lú òfin 2015, àwọn ló ń yẹ iṣẹ́ iná wò, tí wọ́n sì ń fún àwọn oníná ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ bèèrè ìwé náà. Nígbà tí ẹ fẹ́ gba réwáyà, ohun tí ẹ bèèrè ni ìjọ tó ń lọ. Oníná gidi á pa iná, á fi ẹ̀rọ rán fóòtì 500 gba inú wáyà kó lè mọ̀ bóyá rọ́bà rẹ̀ ń jò, á wọn ẹ́ẹ̀tì nílẹ̀, á ṣí ojú bíréékà, á sì fi ti wáyà bá a mu.

A gbọ́ pé oníná kan láti Sábó ti dá iye, ẹ sì ti ń ná an láti àárọ̀. Ẹ ní kó yọ ìdajì, ẹ ní òun náà ọmọ yín ni, ẹ ní ẹ̀yin lẹ sin bàbá rẹ̀. Díjè ìwọlé dá iye tirẹ̀, ẹ kò ná an. Ẹ tún lẹ̀ ẹ́ lówó mọ́ iwájú orí. Ọmọ náà ti gbà nígbà tó yá, nítorí ìyàwó yín fi ìdajì kejì sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló ní òun ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò yẹn kúrò ní gáréèjì kó tó dé.

Rárá, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.